Ẹni Tó Yí Táyà Wá

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Bí ẹ bá ní kí ènìyàn ka ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ilẹ̀ wa ń dá ẹjọ́ ikú fún, ìpànìyàn àti ìdigunjalè ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Kò ṣì í. Ohun tí kò mọ̀ ni iye ènìyàn tí òfin ń kà mọ́ apànìyàn, tí wọn kò sì fọwọ́ kan ọ̀bẹ.

Ẹ ṣí Deutarónómì 19. Ọkùnrin méjì wọ igbó lọ gé igi. Ọ̀kan gbé àáké sókè, irin yọ kúrò lára èèkù, ó ba ẹnìkejì, ìyẹn sì kú. Mósè ní kí ó sá lọ sí ìlú ààbò. Ẹni tó lúgọ de ọmọnìkejì rẹ̀ ńkọ́? Kódà bó dé ìlú ààbò, kí àwọn àgbà mú un jáde. Òfin ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí abala 316: kò dìgbà tí o bá fẹ́ pa á. Bó o bá fẹ́ ṣe é léṣe gidi, tó sì kú, apànìyàn ni ọ́, abala 319 sì ní ikú ni. "Mo kàn fẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ni" kò gba ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá mú ọ bínú lójijì, tí o kò tíì rọlẹ̀ tó o fi lù ú pa, ilé ẹjọ́ lè bá ọ sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n, tó lè jẹ́ gbére. Ṣùgbọ́n bó o bá kúrò níbi ìjà, tó o rìn délé lọ mú àdá, tó o tún padà wá, ta ni yóò gbà pé ara rẹ kò tíì balẹ̀?

Ọ̀rọ̀ táyà wá kàn wàyí. Bí wọ́n bá mú olè lọ́jà, ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń pín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnì kan yí táyà wá láti ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Ọ̀dọ́kùnrin kan sáré gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra pẹtiróòlù. Ẹlòmíràn kò ṣe ju ariwo "Ẹ sun ún!" lọ. Ẹnì kan péré ló ṣáná. Lójú abala 7, gbogbo wọn ló pa á: ẹni tó ṣe é, ẹni tó ràn án lọ́wọ́, ẹni tó gbà á nímọ̀ràn. Ní 2012, ní Aluu, ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n mú. Ọlọ́pàá ni ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ olè lásán, tó jí ẹrù lórí àtẹ láìgbé ohun ìjà, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni òfin là sílẹ̀ fún un.

Ìdigunjalè náà fẹ̀ ju ìbọn lọ. Ẹni tó fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni láìgbé ohun ìjà, tí kò ṣe é léṣe, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 21. Bí ohun ìjà bá wà níbẹ̀, ikú ni. Àdá, kùmọ̀, òkúta, àfọ́kù ìgò, ohun ìjà ni gbogbo wọn. Ọmọ tó jókòó lórí ọ̀kadà, tí kò paná ẹ́ńjìnnì, tó ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú àfọ́kù ìgò lọ gba báàgì, ẹjọ́ kan náà ni wọn yóò jọ jẹ́.

Èyí tó kàn kan àwa tó ń wọ kọ́là àti aṣọ funfun. Abala 207 àti 208 fòfin de fífi ìyà tàbí májèlé wádìí ẹni: èèpo igi olóró, ẹ̀wà ẹsẹ́rẹ́ ti Kàlàbá, epo gbígbóná, iná, rírì sínú omi, títí kan fífi ènìyàn síwájú ọ̀nì. Bí ẹni tí wọ́n dán wò bẹ́ẹ̀ bá kú, ikú ni fún ẹni tó darí rẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Wòlíì tó ń fi epo gbígbóná mú ọmọdé jẹ́wọ́ àjẹ́, ẹ má pè é ní ìtúsílẹ̀.

Ìdìtẹ̀ gbàjọba àti ìpániláyà tó gbẹ̀mí wà lára ẹ̀ṣẹ̀ ikú pẹ̀lú. Ní Èkó, láti 2017, ajínigbé tí ẹni tó jí bá kú sí i lọ́wọ́ ti di ẹni ikú; bí kò bá kú, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ní àwọn ìpínlẹ̀ òkè ọya tó ń lo Ṣàríà, àgbèrè ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn aládùúgbò wa ti jáwọ́ ní tiwọn: Tógò ti pa ìdájọ́ ikú rẹ́ ní 2009. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í dá a fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tó ṣẹ̀.

Nínú Bíbélì, ìwé Nọ́ńbà orí 35 ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò tó láti pa ènìyàn. Òfin Nàìjíríà kò le tó bẹ́ẹ̀: ìjẹ́wọ́ tí ènìyàn fínnúfíndọ̀ ṣe nìkan tó fún adájọ́. Nítorí náà àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lè kà. Ẹ ní kí lọ́yà tàbí ará ilé yín jókòó tì yín. Legal Aid Council ń gbèjà aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn. Ẹ má kówó fún ẹni tó ní òun yóò gba béèlì ní kóòtù májísíréètì, nítorí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè fún ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ikú wà lọ́rùn rẹ̀ ní béèlì. Bí wọ́n bá sì ti dá ẹjọ́ ikú, ọjọ́ 90 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọjọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rówó lọ́yà.