Ẹ fi orí oníbàárà mi sílẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Onígẹ̀rígẹ̀rí ni mí ní Ìbàdàn níbí. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi láìgẹ irun, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á wá rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe orí lágbájá?" Tìtorí wọn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Oníbàárà mi tó ti lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n bá a gbin irun síbi tí orí rẹ̀ ti pá kì í ṣe ẹyọ kan. Òmíràn ṣe é l'Ékòó, òmíràn bá a dé Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí ayé ń wọ́ lọ nítorí rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ ní kí n sọ ọ́, a sì ti jọ yọ ohun tó lè tú u fó kúrò níbẹ̀.

Iwájú orí ọmọkùnrin náà ti pá wọ àárín kó tó gbéyàwó. Ó kó owó jọ, ó gba ìsinmi, ó lọ ṣe é. Ẹ̀yìn orí ni wọ́n ti ń yọ irun tí wọ́n ń gbìn síwájú, nítorí irun ibẹ̀ kì í sábà re bíi ti iwájú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ ọ́ tòun ti gbòǹgbò. Tiwa tún gba sùúrù, torí irun wa tó lọ́ yìí, gbòǹgbò rẹ̀ náà tẹ̀ lábẹ́ awọ, dókítà tí kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀ á gé e dànù. Wọ́n á fá orí. Iwájú orí lè wú, kí wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀bá ojú. Èépá kéékèèké á bo ibi tí wọ́n gbìn ín sí, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 kó tó re tán. Ẹ̀yìn orí á kún fún àmì tó-tò-tó.

Ẹ wá gbé irú orí bẹ́ẹ̀ wọ ọ́fíìsì láàárín àwa Yorùbá. Ẹni tó ṣàdédé fárí kodoro, wọ́n á ní ta ló kú fún un? Tí wọ́n bá wá rí àmì wẹ́wẹ́ lẹ́yìn orí, gbẹ́rẹ́ ni wọ́n á pè é. Lásìkò tí ẹ̀rù àwọn tó ń fi ènìyàn ṣe oògùn owó gba gbogbo ìlú yìí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ọmọkùnrin náà ya fọ́tò ẹ̀yìn orí rẹ̀ níbi tó ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ní ilé babaláwo ló ti ń bọ̀.

Fìlà náà tún dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Dókítà ní kó má jẹ́ kí oòrùn pa ibẹ̀, kó sì máa dé fìlà tí kò fún un lórí. Ó ra gọ̀bì tó fẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, ọmọlúàbí sì ń ṣí fìlà kí àgbà. Bàbá kan tó bọ̀wọ̀ fún fọwọ́ ara wọn ká fìlà yẹn kúrò lójú gbogbo èrò, wọ́n ní ṣé òun ló fẹ́ máa dé fìlà kí àwọn. Èépá ṣí, ẹ̀jẹ̀ yọ. Mi ò bá bàbá wí lórí àṣà tí wọ́n ń tọ́jú, àmọ́ ó dùn mí gan-an nígbà tí ọmọ náà jókòó sórí àga mi tó ń sọ ọ́, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Látìgbà náà, tó bá rí àgbà, ó máa dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú sà, dókítà ní kí n má tíì ṣí i." Kò purọ́, kò sì tú àṣírí ara rẹ̀.

Àwọn kan ní ṣe ni kó sọ ọ́ kí àhesọ lè kú. Wayne Rooney, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ lọ́dún 2011, ó wù ú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò wù ńkọ́? Irun tí wọ́n gbìn yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ re láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ewé tòmátò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ṣe ń rọ kó tó mú ilẹ̀. Ó máa ń tó oṣù 3 tàbí 4 kí òmíràn tó máa yọ, ó sì máa ń tó ọdún kan kí ènìyàn tó mọ bó ṣe máa rí. Ẹni tó bá ti sọ fún gbogbo ọ́fíìsì á wá fi odindi ọdún kan dáhùn "ṣé ó ti hù?", "èló ni wọ́n gbà?", "ṣé wọn ò lù ẹ́ ní jìbìtì báyìí?" Mo ti rí ọkùnrin tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sọ di ẹni tí kì í jẹun láàárín ẹgbẹ́ mọ́.

Ọmọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá náà bi í: ìgbà wo ló tún lè máa ṣiṣẹ́ nínú oòrùn? Ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò láàárín àwọn méjèèjì. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò rẹ̀, ohun tí mo rí látẹ̀yìn àga mi rèé. Ẹ jẹ́ kí n máa gẹ orí yín mọ́lẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì ti máa dé fìlà lọ síbi iṣẹ́, kí ojú ti mọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá dé, dókítà ni yóò sọ ọjọ́ tí kílípà lè kàn án. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fá ẹ̀yìn orí yín dan, ẹ jẹ́ kí irun ṣẹ́kù díẹ̀ níbẹ̀, òun ló ń bo àmì wọ̀nyẹn. Kí ẹ sì ka ìwé ilé ìwòsàn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí àwọn kan máa ń gba àṣẹ níbẹ̀ láti gbé fọ́tò yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin yìí fagi lé ìlà yẹn nínú tirẹ̀.

Ẹ̀yin akọ̀wé tí ìwé dókítà ń gba ọwọ́ yín kọjá, Òfin Ìdáàbòbò Dátà (ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn) ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tó gba ìṣọ́ra gidi. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi hàn ara yín lórí tábìlì oúnjẹ. Láràárọ̀ là ń bẹ Ọlọ́run pé kó bò wá láṣírí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo ti ẹlòmíràn náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi onígẹ̀rígẹ̀rí, ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ ya fọ́tò orí ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Ní tèmi, mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn tí kò fẹ́ kí èrò bá wọn níbẹ̀, mi ò sì gba owó kún owó lórí rẹ̀. Ẹ bá mi ṣe é ní àdúgbò tiyín náà.

Èmi ni tiyín,
Onígẹ̀rígẹ̀rí kan,
Ìbàdàn