Bàbá, ẹ gbọ́ bí Dáil kẹrìnlélọ́gbọ̀n ṣe yan olórí

Blanchardstown, Dublin
Oṣù Kejì, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ooru. Ṣé ara Màmá ti mókun? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ṣeré rárá. Àlàáfíà la wà níbí, àfi òtútù, àti ìjì líle kan tó jà lóṣù tó kọjá tó mú iná lọ ní ibi tó lé ní 700,000 káàkiri Írẹ́lándì. Orí yọ wá, iná tiwa ò lọ. Àwọn tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́ ni àánú wọn ṣe mí, nítorí ọjọ́ kejì tí wọ́n gorí oyè gan-an ni ìjì náà dé.

Ọ̀rọ̀ ìjọba yẹn náà ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday, ẹ ní ẹ gbọ́ lórí rédíò pé ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì wà níta, èyí tó ṣe ipò kẹta wà nínú ìjọba, àti pé àwọn ọkùnrin méjì ti fẹnu kò láti pààrọ̀ àga láàárín ara wọn. Ẹ ní, "Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ nìyẹn?" Ariwo ọmọ ò jẹ́ kí n dáhùn yín bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín báyìí, kí ẹ lè kà á fún àwọn ọ̀rẹ́ yín níbi tí ẹ ti máa ń ka ìwé ìròyìn láàárọ̀.

Níbí, kò sí aráàlú kankan tó ń dìbò yan olórí ìjọba. Aṣòfin là ń yàn, àwọn aṣòfin ló ń yan olórí láàárín ara wọn. Ààrẹ wà, aráàlú ló sì ń yàn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń ṣèjọba. Taoiseach, ìyẹn olórí ìjọba, ló ń ṣe é, inú ilé aṣòfin tí wọ́n ń pè ní Dáil ló sì gbọ́dọ̀ ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó máa jọba, ẹ ka orí àwọn tó jókòó sínú ilé.

Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn yìí ni ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n. Àkọ́kọ́ jókòó ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1919, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wọn lórí. Ìjókòó 160 ló wà nínú ilé tó kọjá. Ṣùgbọ́n òfin wọn ní aráàlú tí aṣòfin kan máa ṣojú fún ò gbọdọ̀ ju 30,000 lọ, èrò sì ti pọ̀ sí i, ni wọ́n bá fi 14 kún un, ó di 174. Ẹgbẹ́ Fianna Fáil mú 48, Sinn Féin mú 39, Fine Gael mú 38. Labour mú 11, Social Democrats mú 11, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké àtàwọn tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe sì pín ìyókù.

Ọdún tó kọjá ni mo búra láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ìdìbò ti ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá sì ni àkọ́kọ́ tí mo máa dì fún Dáil. Ìwé ti ọkọ mi ò tíì jáde, nítorí náà ìbò káńsù ti oṣù Kẹfà nìkan lòun rí dì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń gbé àdúgbò ló lè dì ìyẹn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa ni mo lọ. Kò sí sójà, kò sí ọlọ́pàá tó gbé ìbọn. Wọ́n fún mi ní ìwé gígùn kan tí fọ́tò àwọn olùdíje wà lára rẹ̀, mo bọ́ sí kọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi pákó gé, pẹ́ńsù kan tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. A kì í tẹ̀ka. Nọ́ńbà là ń kọ: 1 síwájú ẹni tó wù wá jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ibi tó bá tẹ́ wa lọ́rùn.

Bàbá, bí wọ́n ṣe ń kà á ni kí ẹ fetí sí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù ti ṣẹ̀. Ẹkùn wa, Dublin West, aṣòfin 5 ló ń yàn. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́fà ti wọlé. Èyí tó lé lórí tirẹ̀ kì í ṣòfò. Ẹni tí àwọn tó dìbò fún un kọ 2 sí ni wọ́n ń gbé e fún, bí ìgbà tí omi kún ìkòkò kan tí a bu èyí tó fẹ́ dà nù sí ìkejì. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì pín ìbò tirẹ̀ náà lọ́nà kan náà. Ìdí nìyẹn tí kíkà rẹ̀ fi máa ń di ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n parí tiwa, Jack Chambers wọlé fún Fianna Fáil, Paul Donnelly fún Sinn Féin, Emer Currie fún Fine Gael, Ruth Coppinger fún àwọn tí wọ́n ń jà fún òṣìṣẹ́, People Before Profit–Solidarity, àti Roderic O'Gorman, olórí ẹgbẹ́ Green. Èèyàn márùn-ún, ẹgbẹ́ márùn-ún, láti ẹkùn kan ṣoṣo! Ẹgbẹ́ Green yìí, 12 ni wọ́n mú ní 2020. Lọ́tẹ̀ yìí, O'Gorman nìkan ló kù.

Ẹ wá rí i pé níbi tí wọ́n bá ti ń dìbò báyìí, ó ṣòro kí ẹgbẹ́ kan dá ilé kó. Láti yan Taoiseach lọ́wọ́ ara wọn láìbẹ ẹnikẹ́ni, aṣòfin 88 ni wọ́n nílò. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Fianna Fáil àti Fine Gael sì ti sọ kí ìdìbò tó dé pé àwọn ò ní bá Sinn Féin ṣèjọba. Tí ẹ bá ro 48 pọ̀ mọ́ 38, ẹ máa rí 86, ó ku méjì péré. Ta ni Sinn Féin fẹ́ fà mọ́ra tí tiwọn á fi pé? Wọ́n wò yíká, kò sí. Mary Lou McDonald tó jẹ́ olórí wọn ló ṣì jẹ́ olórí àwọn alátakò. Nítorí náà kì í ṣe ìrẹ́jẹ, Bàbá. Ẹni tó ṣe ipò kejì níta ò rí ọ̀rẹ́ tó pọ̀ tó nínú ilé ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Fianna Fáil àti Fine Gael ni wọ́n jọ ń jẹun báyìí. Ogun abẹ́lé tí wọ́n jà ní 1922 sí 1923 ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀. Àwọn kan fara mọ́ àdéhùn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe, àwọn kan ní àwọn ò gbà, wọ́n yìnbọn fún ara wọn, ọmọ ìyá ń pa ọmọ ìyá. Ìyá àgbà kan wà níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní nílé bàbá òun, wọn ò jẹ́ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá wà ní apá kejì, kódà bí òjò bá ń rọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn jìnnà. Lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún ìjọba tuntun yìí, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Bàbá mi á máa yí nínú sàréè." Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun po tíì.

2020 ni wọ́n kọ́kọ́ jọ wọ ìjọba, nínú ilé kẹtàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì, kò sẹ́ni tó borí gidi, kòrónà sì dé bá wọn lórí rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ni wọ́n tó yan Micheál Martin ti Fianna Fáil. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan létí odò Liffey ni wọ́n ti yàn án, nítorí ilé wọn gan-an, Leinster House, ò gbà wọ́n tí wọ́n bá ní kí wọ́n jìnnà síra. Àdéhùn wọn ni pé Martin á ṣe ìdajì àkọ́kọ́, Leo Varadkar ti Fine Gael á ṣe ìdajì kejì. Nígbà tí ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2022 pé, Martin dìde lórí àga, Varadkar jókòó. Wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, wọ́n sì pa á mọ́. Èmi tí mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àdéhùn òṣèlú tó fọ́n ká nílé, mo ń retí kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Wọn ò yí i. Varadkar fúnra rẹ̀, dókítà ni, ará Íńdíà ni bàbá rẹ̀, Dublin West tiwa yìí ló ti ń wọlé. Ní oṣù Kẹta 2024 ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ò ṣe mọ́, wọ́n sì fi Simon Harris dípò rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin. Ọmọ ọdún 37 ni Harris nígbà náà, kò tíì sí Taoiseach tó kéré tó o. Àwọn alátakò pariwo pé kí wọ́n lọ dìbò tuntun. Ṣùgbọ́n ilé ló ń yan olórí, ilé sì ti yàn án.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 86. Níbo ni wọ́n ti rí ìyókù? Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò bá ẹgbẹ́ ṣe. Àwọn kan tí Michael Lowry ṣíwájú wọn, pẹ̀lú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Kerry, Michael àti Danny Healy-Rae, tí bàbá wọn náà ti ṣe aṣòfin rí. Wọ́n bá wọn dúnàádúrà, àwọn kan nínú wọn rí ipò mínísítà kékeré gbà. Èyí tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé mẹ́rin nínú àwọn tó ti lẹ́yìn ìjọba yìí tún fẹ́ máa sọ̀rọ̀ nínú àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún alátakò. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní tó yẹ kí wọ́n yan Taoiseach, ilé dà rú. Mo ń wò ó lórí fóònù nígbà tí mo lọ jẹun níbi iṣẹ́. Àwọn alátakò dìde dúró, wọ́n ń pariwo, ẹnìkan ò gbọ́ ẹnìkejì. Verona Murphy tó jẹ́ abẹnugan dá ìjókòó dúró, ó tún pè wọ́n padà, ariwo tún sọ, ó tún dá a dúró, títí wọ́n fi tú ká láìyan ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó yan Martin, 95 sí 76.

Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ní ìtìjú ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá bá olówó jẹun ò lè bá tálákà ké pé ebi ń pa òun. Tí o bá ti lẹ́yìn ìjọba, lọ jókòó sọ́dọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, tàwọn alátakò ni. Inú mi dùn pé wọ́n jà fún un.

Abẹnugan yẹn, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa dé ipò náà ni. Ó yẹ ká kí i. Ṣùgbọ́n nínú 174 tí a yàn, obìnrin 44 péré ló wọlé, nínú mínísítà 14 tó kọ́kọ́ bá Martin jókòó, mẹ́ta péré ni obìnrin. Òfin ní ó kéré tán, 40 nínú 100 àwọn tí ẹgbẹ́ bá fà kalẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ìjọba tí wọ́n ń fún ẹgbẹ́ á dínkù. Wọ́n ń fà wọ́n kalẹ̀, ṣùgbọ́n wíwọlé ló kù. Ó ń dùn mí. Àwọn obìnrin tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló ń gbé ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ìlú yìí ró, ó yẹ kí wọ́n pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín owó rẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn. Kò tíì sí o. Ṣùgbọ́n ọmọ Ògùn kan, Rotimi Adebari, tó wá síbí ní 2000 láti wá ààbò, di olórí ìlú Portlaoise ní 2007, kò sì sí aláwọ̀ dúdú tó ṣe é ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo Írẹ́lándì. Yemi Adenuga náà wọ káńsù ní Meath ní 2019. Káńsù ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú Dáil, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà. Ìdìbò káńsù mìíràn di 2029, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ń ronú láti jáde. Mo ti sọ fún un pé èmi á bá a kan ilẹ̀kùn àwọn ará àdúgbò, ojúlé sí ojúlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Ẹ fi àdúrà tì í lẹ́yìn.

Àga náà á tún yí padà ní oṣù Kọkànlá 2027, Harris á gbà á lọ́wọ́ Martin. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín tó ní wọn ò ní gbé e sílẹ̀ pé kó kọ déètì yẹn síbì kan.

Mo fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì Bọ̀dá mi. Ti oògùn Màmá wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí tó bá ti wọlé.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́