Àbẹ̀kẹ́, Má Tíì Ra Ọ̀pá Tuntun

Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gba iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó sùn. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni yóò gbà wá lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí èyí wà níbi tí o ti lè tún un kà. O ní o gbá ihò 18 orí pápá gọ́ọ̀fù náà parí, pé 121 ni iye ìgbà tí o gbá bọ́ọ̀lù, pé ojú tì ọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ jọ lọ, àti pé o ti rí dráífà tuntun kan, ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù rẹ kan. O ní kí n fi ìdajì owó náà ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì rà á. Kì í ṣe pé mo ń ṣahun sí ọ, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú iye rẹ pọ̀ tó 121 kò sí lọ́wọ́ dráífà.

Wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ. O ní ihò mẹ́fà wà tí o ti dé orí gíríìnì, ilẹ̀ tó tẹ́jú tí ihò wà, tí o sì yí bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́rin mẹ́rin kó tó wọlé. Ká ní ẹ̀ẹ̀mejì méjì péré ni o yí i ní ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 109 ni ìbá wà lórí káàdì tí o kọ iye rẹ sí, láìjẹ́ pé o fi náírà kan kún owó tí o ti ná, láìsì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù rẹ jìnnà ju bó ṣe jìnnà lọ. Ní pápá tí páà rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí a retí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá bọ́ọ̀lù, jẹ́ 72, yíyí méjì ni a ṣírò mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé 36 nínú 72, ìdajì gééré, orí gíríìnì ni a fi í sí. Dráífà ńkọ́? Lórí irú pápá bẹ́ẹ̀, ihò mẹ́rin sábà máa ń jẹ́ páà 3 tí dráífà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà bí o bá tilẹ̀ yọ ọ́ jáde ní gbogbo ibi tó kù, kò ní ju ìgbà 14 lọ. Pọ́tà, ọ̀pá tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù, ni a kì í fi sílẹ̀ ní ihò kankan.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí, kí o má baà rò pé èmi kò ka ohun èlò sí. Mo ti lé ní ọmọ ọdún 45 nígbà tí mo kọ́kọ́ di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀gá kan tó ń fẹ̀yìn tì ta odindi àpò kan fún mi, ọ̀pá 14 pé sínú rẹ̀, iye tó pọ̀ jù lọ tí òfin gbà kí ènìyàn gbé wọ pápá. Inú mi dùn débi pé mo nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pá ọkùnrin ni gbogbo wọn: irin wọn le, wọ́n wúwo, wọ́n sì gùn jù fún mi. Fún ọdún méjì gbáko ni bọ́ọ̀lù mi fi ń yà sí ọ̀tún bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì gbà pé ọjọ́ orí mi ló fà á, pé obìnrin tó ti bímọ mẹ́rin kò yẹ kó máa ti ara rẹ̀ sí irú eré bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá burú jù ni pé mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan kó gé wọn kúrú. Ó gé wọn lóòótọ́. Èmi kò mọ̀ pé bí a bá gé irin ọ̀pá gọ́ọ̀fù kúrú, ṣe ló tún máa ń le sí i. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, olùkọ́ gọ́ọ̀fù kan gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mi orí. Ó lọ mú áyọ́ọ̀nù 7 ìyàwó rẹ̀ wá, ọ̀pá àtijọ́ tí awọ ìdìmú rẹ̀ ti ń já, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ fúyẹ́, ó sì rọ̀ dáadáa. Ìgbà kẹta tí mo fi í gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà gbéra, ó lọ tààrà, ó sì bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́, omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Ọdún méjì ni mo fi dá ara mi lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi ara mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yan àwọn ọ̀pá méje tí o ní yẹn fún ọ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Wọ́n kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n gíga rẹ ni mo fi wọ̀n wọ́n, mo sì ti tẹ irin wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje tó ènìyàn tó wà níbi tí o wà. Bí owó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, wẹ́jì oníyanrìn, ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú iyanrìn, ni kí o rà, kí o sì ra ìbọ̀wọ́ méjì, nítorí òógùn máa ń ba wọn jẹ́ kíákíá ní Àbújá. Ọṣẹ díẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o fi fọ rọ́bà ìdìmú àwọn ọ̀pá náà lóṣooṣù. Rọ́bà tó ń yọ̀ ló ń mú kí ènìyàn di ọ̀pá mọ́wọ́ bí ẹni tó mú olè.

Ọ̀rọ̀ dídi ọ̀pá mú yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí mo rí i nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́ pé iṣan ọwọ́ rẹ yọ gọnrangandan. Ṣé o rántí ìgbà tí o kọ́kọ́ gún iyán nílé ìyá bàbá rẹ ní Ìkẹ́rẹ́? O fi gbogbo agbára di ọmọ odó mú, o ń tì í wọ inú odó, kò sì pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ fi bó, tí iyán sì kún fún kókó. Màmá sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé kí o gbé ọmọ odó sókè, kí o jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, pé iṣẹ́ tìrẹ kò ju kí o darí rẹ̀ lọ. Bí ọ̀pá gọ́ọ̀fù náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Orí rẹ̀ ló wúwo, orí rẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́. Gbé e sókè láìkánjú, dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan ní òkè, kí o sì jẹ́ kó wá. Àwa ọmọ Èkìtì kò yẹ kí a máa wá olùkọ́ tí yóò kọ́ wa ní èyí.

Ní ti ìdánrawò, dín bọ́ọ̀lù tí ò ń gbá lójúmọ́ kù. O ní o gbá 200 lọ́jọ́ Ọjọ́rú, dráífà ni o sì fi gbá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn 60 tàbí 70, ó ti ń rẹ ara, àṣìṣe ni ènìyàn yóò sì máa kọ́ ara rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Gbá 50 péré, kí o yan ohun tí o fẹ́ fojú sùn kí o tó gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì lo àkókò tó kù lórí gíríìnì ìdánrawò. Nínú ilé pẹ̀lú, gbé ife tíì kan dùbúlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, lọ dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i, kí o sì máa yí bọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀ títí tí 20 yóò fi wọlé tẹ̀léra. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, padà sórí oókan. Ẹnu ihò tòótọ́ fẹ̀ tó ínṣì 4.25, bọ́ọ̀lù sì fẹ̀ tó ínṣì 1.68. Ẹnu ife tíì kéré sí ti ihò, nítorí náà bí o bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe èyí, ihò orí pápá yóò jọ kànga lójú rẹ.

Ní ìgbà tiwa, ọ̀pọ̀ pápá ní Nàìjíríà ni kò ní gíríìnì oníkoríko rárá. Iyanrìn tí a po mọ́ epo dúdú ni a ń yí bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, bráùn ni a sì ń pè é. Kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó pọ̀, kádì, ẹni tó ń bá wa gbé àpò ọ̀pá, á sì kọ́kọ́ fi igi fa ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Nígbà tí mo wá kọ́kọ́ gbá lórí koríko, ní pápá Ìlárá-Mọ̀kín lẹ́bàá Àkúrẹ́, ó dà bí ẹni pé n kò gbá gọ́ọ̀fù rí. Bọ́ọ̀lù ń sá kọjá ihò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kádì àgbàlagbà kan ló kọ́ mi pé kí n rìn yípo, kí n lọ wo ilẹ̀ láti ẹ̀yìn ihò pẹ̀lú, kí n sì bi ara mi pé bí a bá da omi síbí, ibo ni yóò ṣàn gbà. Mo ṣì ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn títí di òní, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bá wọkọ̀ kọjá lábẹ́ òkè Olósùnta tí a forí lé ọ̀nà Àkúrẹ́. Bá àwọn kádì rẹ lò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o san owó wọn pé. Àwọn tó dàgbà jù ọ́ lọ nínú wọn, má fi orúkọ gán-an-ran pè wọ́n.

Ọyẹ́ yóò dé láìpẹ́. Ilẹ̀ yóò le, bọ́ọ̀lù yóò máa sáré lẹ́yìn tó bá ti balẹ̀, wàá sì rò pé agbára rẹ ti pọ̀ sí i. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ṣe é. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, bọ́ọ̀lù yẹn kan náà á rì síbi tó bá bọ́ sí. Bí ààrá bá sán nígbà tí o wà lórí pápá, kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má sì sá sí abẹ́ igi. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ igbó, ọ̀pá ni kí o fi tú koríko, má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú rẹ kò rí, nítorí ejò. Òfin fún ọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti wá a. Lẹ́yìn náà, ó ti sọnù, kí o sì gbà bẹ́ẹ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ káàdì. O kọ 121 rẹ sílẹ̀ láìdín ọ̀kan kù, inú mi sì dùn sí ìyẹn ju bí inú rẹ ṣe bàjẹ́ lọ. Ní ìdíje kékeré kan lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn, mo gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀méje ní ihò kan, mo sì kọ mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé àpò mi rí i, ó wo ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo gba aṣọ ìnura kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn lọ́jọ́ náà, n kò sì lè fi nu ojú títí di òní. Ó ṣì wà nínú àpótí mi. Ní U.S. Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ti Amẹ́ríkà, ní ọdún 1925, Bobby Jones, ará Amẹ́ríkà tí kò fi gọ́ọ̀fù gba owó ìdíje rí, rí i pé bọ́ọ̀lù òun mì díẹ̀ nínú koríko nígbà tí ó fẹ́ gbá a. Òun nìkan ló rí i, òun náà ló sì ní kí wọ́n fi ọ̀kan kún iye òun. Ọ̀kan yẹn ló mú kí òun àti Willie Macfarlane dọ́gba ní ìparí, wọ́n tún un gbá, Macfarlane sì borí.

Yàtọ̀ sí ti ẹ̀rí ọkàn, irọ́ orí káàdì a máa pa ẹni tó pa á lára. Hándíkáàpù ni iye tí a ń yọ kúrò nínú ohun tí ènìyàn gbá, kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lè bá ẹni tó mọ̀ ọ́n díje. Ìlànà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020 ń wo káàdì 20 tí ènìyàn gbá kẹ́yìn, ó sì ń fi 8 tó dára jù lọ nínú wọn ṣe ìṣirò. Bí o bá ń dín iye rẹ kù, hándíkáàpù rẹ yóò kéré ju ohun tí o lè gbá lọ, wàá sì máa pàdánù fún àwọn tó kọ òtítọ́. Ìlànà náà gba ènìyàn láàyè dé 54, nítorí náà kò sí ohun ìtìjú nínú 121 fún ẹni tí kò tíì gbá eré yìí pé ọdún kan. Má sì torí kí àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ lè rí i pé o lágbára kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ṣètò fún àwọn obìnrin.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé láti ìsinsìnyí títí di Kérésìmesì, gbá pápá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o sì kọ nọ́ńbà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan: iye tí o gbá, àti iye tí o yí nínú rẹ̀. Mú káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀ wálé. A ó jókòó kà wọ́n papọ̀, a ó sì lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín ní Ọjọ́bọ̀ tó bá tẹ̀lé e. Bí àwọn káàdì náà bá fi hàn pé dráífà ló ń dá ọ dúró, èmi ni yóò san gbogbo owó rẹ̀, kì í ṣe ìdajì. Má gbàgbé pọ́tà rẹ sí Àbújá. Mo ti gbé ife kan sílẹ̀ fún ọ ní pálọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.