Ta Ni Yóò Ru Ìtìjú Náà?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi, àlàáfíà Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín.

Mo bá wọn sọ ọmọ kan lórúkọ láìpẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nílé bàbá rẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí ni a ti ṣe é. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ẹ̀bí ìyá ọmọ náà. Ara rẹ̀ ti yá, dókítà sì ti ní kí ó máa lọ sílé, àmọ́ owó kò pé, wọn kò sì jẹ́ kí ó jáde. Ẹlòmíràn ti gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Orí ẹní lábẹ́ fèrèsé ni òun àti ọmọ ń sùn. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, ìyá àgbà mú oyin, iyọ̀ àti orógbó wá nínú àpò ọ̀rá, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn fi ń dúró de dókítà, a sì sọ ọmọ lórúkọ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró, ó tọ́ oyin wò, ó ṣe àmín. Bó ṣe yí padà ni mo rí i tó ń nu ojú.

Mo gba àyè lọ́wọ́ ìdílé náà kí n tó kọ èyí. Mi ò sì wá bá ilé ìwòsàn náà wí. Àwọn náà ń ra dísẹ̀lì, wọ́n ń ra oògùn, wọ́n ń san owó oṣù. Ohun tó ká mi lára ni èsì tí bàbá ọmọ fún mi nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, “Fádà, ojú ló ń tì mí.” Ó ti ta fóònù rẹ̀, ó ti kó owó àjọ rẹ̀ jẹ tán, kí ìyá rẹ̀ tó yọ́ wá bá mi lẹ́yìn Mísà àárọ̀.

Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ilé tí a bí mi sí ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì mọ iyì tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò sówó, ẹnì kan ní láti ru ẹ̀sín yẹn, kí aláìsàn má baà kú. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ni mo ti ń ronú nípa àwọn tó rù ú ṣáájú wa.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856, Sísítà márùn-ún tó ti Montreal ní Kánádà wá gúnlẹ̀ sí Vancouver ní agbègbè Washington, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ìyá Joseph ni olórí wọn. Esther Pariseau ni orúkọ tí wọ́n bí i mọ́. Bàbá rẹ̀ a máa kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin, nígbà tó sì fà á lé àwọn Sísítà Providence lọ́wọ́ ní 1843, ó fi yangàn pé ọmọ òun mọ̀wé, ó mọ ìṣirò, ó mọ oúnjẹ sè, ó mọ aṣọ rán, ó sì mọ òòlù àti ayùn lò bí òun alára. Ìgbà tó di 1858, àwọn Sísítà ní ilé kékeré kan tí wọ́n ti ní lọ́kàn láti máa fọṣọ, kí wọ́n sì máa se búrẹ́dì nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 16 ní fífẹ̀, 20 ní gígùn ni, kò ju yàrá kan lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ibùsùn mẹ́rin sí, wọ́n pè é ní ilé ìwòsàn Joseph Mímọ́. Àwọn obìnrin ìlú, títí kan àwọn tí kì í ṣe Àgùdà, sì bá wọn dá sí i.

Owó kò tó. Ìyá Joseph bá gun ẹṣin, òun àti Sísítà mìíràn, wọ́n gba inú igbó, wọ́n gba orí òkè, wọ́n lọ bá àwọn tó ń wa góòlù ní ibùdó wọn, wọ́n ń tọrọ owó. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ bá mi fojú inú wo obìnrin tó wọ aṣọ Sísítà, tí eruku bò ó dé orúnkún, tó dúró níwájú ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè láti inú kòtò, tó sì na ọwọ́. Kì í ṣe òun ló ń ṣàìsàn. Aláìsàn wà lórí ibùsùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ó wá tọrọ. Bí Ìyá Joseph bá sì padà dé sẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́lé, yóò gun òkè lọ fúnra rẹ̀ láti dán igi òrùlé wò. Wọ́n ní ó tú ihò èéfín kan tí bíríkìlà kò mọ dáadáa, ó sì tún un mọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó kú ní 1902, ilé ìwòsàn 11 ló ti tọwọ́ rẹ̀ jáde, yàtọ̀ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ọmọ aláìlóbìí. Lónìí, Providence tó hù láti orí ibùsùn mẹ́rin yẹn ní ilé ìwòsàn bí 50 ní ìpínlẹ̀ méje, láti Alaska dé Texas.

Nígbà tí mo ń ka ìtàn rẹ̀, ọjọ́ tó gúnlẹ̀ yẹn dá mi dúró. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856 yẹn gan-an ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac àti àwọn díẹ̀ tó bá a kẹ́gbẹ́ kúnlẹ̀ ní ilé Màríà ní Fourvière, ní ìlú Lyon ní Faransé, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ SMA sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn Fádà míṣọ́nnárì tó gbé ìgbàgbọ́ Àgùdà wá bá àwa Yorùbá. Ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, èkejì ń kúnlẹ̀. Wọn kò mọ ara wọn. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò lò tó oṣù méjì ní Freetown ní 1859 tí àìsàn fi pa á. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò yé wá. Ní 1895, ọ̀kan nínú wọn, Fádà Jean-Marie Coquard, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, tó ṣì ń gba aláìsàn títí dòní. Fádà yìí kò kọ́ṣẹ́ dókítà, síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì ń tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ tí ará ilé wọn ti sá fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́mọ la fi bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ tí òfin Ìjọ kò fi gba Sísítà láyè láti máa gbẹ̀bí. Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1936 ni Róòmù ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mary Martin, ọmọ Ireland, jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí ibùsùn àìsàn nínú ilé ìwòsàn kan ní Port Harcourt, ẹgbẹ́ àwọn Sísítà oníṣègùn tí à ń pè ní Medical Missionaries of Mary sì bẹ̀rẹ̀. Orí ibùsùn aláìsàn, ẹ̀yin ará mi!

Nílé níbí, àwọn Onítẹ̀bọmi ló ṣáájú wa, ọpẹ́ wọn sì tọ́ sí wa láti dá. Ọdún 1907 ni Dókítà George Green dé Ògbómọ̀ṣọ́. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn tó tọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí à ń pè ní Bowen University Teaching Hospital báyìí.

Nínú Máàkù orí kejì, àwọn mẹ́rin gbé ẹlẹ́gbà kan wá sọ́dọ̀ Jésù, wọ́n tú òrùlé onílé. Kò sí ibì kan tí a ti kà pé ẹlẹ́gbà náà la ẹnu bẹ̀bẹ̀. Àwọn tó gbé e ni ojú ìbá tì, tó bá jẹ́ pé ojú ń tì wọ́n. Ó dùn mí pé a ní ìjọ tó lè ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ìkórè, tí bàbá ọlọ́mọ sì ń dá gbèsè rẹ̀ rù kiri ìgboro. Èmi náà ra aṣọ náà, mo sì wọ̀ ọ́.

Torí náà, láti Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ 11 oṣù Kejì, tíí ṣe Ọjọ́ Àwọn Aláìsàn Àgbáyé, a ó ní Àpò Aláìsàn nínú ìjọ wa. Owó àkọ́san tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó tọ́jú ènìyàn, àti gbèsè tí kò jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ padà sílé, ni a ó máa fi san. Ẹ sọ fún katikíìsì, tàbí olórí ẹgbẹ́ Vincent Mímọ́. Bó bá jẹ́ òru, ẹ kan ilẹ̀kùn ilé Fádà. A kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn aboyún ilé yín forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa, OYSHIA, kí ọjọ́ ìrọbí tó dé.

Bí àpò náà bá gbẹ, èmi ni n ó lọ tọrọ. N ó dé gáréèjì Tákìí, n ó dé ọjà Wàzóbíà, n ó tọrọ lọ́wọ́ Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Mo ń wá ẹni méjì tí yóò máa bá mi lọ.

Ìyá àti ọmọ ti padà sílé. Ẹni mẹ́ta nínú yín ló san án, wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn.

Mísà àwọn aláìsàn yóò wáyé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà, a ó sì fi òróró mímọ́ kan àwọn tí ara wọn kò le. Ẹni tó bá ní mọ́tò, kí ó sọ iye arúgbó tó lè bá wa gbé wá fún katikíìsì kí ó tó kúrò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lónìí.