Ẹ jẹ́ kí koríko òkè Ẹ̀fọ̀n sinmi iná

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn èèyàn wa. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọn òkè Èkìtì tó ń pá lórí, igi gbíngbín ni gbogbo ẹnu máa ń pè. Igi dáa. Àmọ́ níbi tí erùpẹ̀ ti tán, kí ni gbòǹgbò fẹ́ dì mú?

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, mo gun òkè tó wà lẹ́yìn oko wa ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Mo ki àdá bọlẹ̀ níbi tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó. Kò wọlé ju oríkèé ìka kan lọ tó fi kan òkúta. Koríko ẹ̀kan nìkan ló ń yọ níbẹ̀, torí iná kì í dé ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ sá pamọ́ sí. Àgbàrá tó ń ṣàn kúrò níbẹ̀ pọ́n bí epo. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ síbẹ̀ tí àpáta kan ti dínà mọ́ iná. Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀ kan àyà mi, imí ekòló kún abẹ́ rẹ̀, àdá sì wọlé dé ìdajì. Òkè kan náà, òjò kan náà.

Erùpẹ̀ tó nípọn bí ìka kan lè gbà ju 100 ọdún lọ kó tó padà kóra jọ lórí irú òkúta líle bẹ́ẹ̀. Àwa wá ń dáná sun aṣọ tó bò ó lọ́dọọdún, nítorí ọ̀yà méjì!

Ní Yatenga, lórílẹ̀-èdè Bùkínà Fásò, níbi tí òjò ò ti tó tiwa rárá, láti bí ọdún 1980 sókè ni àwọn àgbẹ̀ ti ń to òkúta dábùú ọ̀nà àgbàrá, kí omi lè rọra rìn, kó sì ju erùpẹ̀ tó gbé sílẹ̀. Wọ́n tún ń gbẹ́ kòtò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní zaï, wọ́n á da ìgbẹ́ ẹran sí i kí òjò tó dé. Ikán á wá jẹun níbẹ̀, wọ́n á lu ilẹ̀ náà ní ihò, omi á ríbi wọ̀. Ilẹ̀ tó ti le bí sìmẹ́ǹtì tún hu nǹkan. Ta ló ní òkúta tó wa? Ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́, tí à ń dà nù sẹ́bàá títì?

Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ̀yin bàbá wa, mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín: kí ọyẹ́ tó dé, ẹ jẹ́ ká jọ ro etí òkè yíká kí iná má lè kọjá, ká sì fi koríko orí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta péré.

Èmi àtàwọn ọmọ mi ti to ìlà òkúta mẹ́ta. Erùpẹ̀ ti ń gúnlẹ̀ sẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, koríko tútù sì ti yọ lórí rẹ̀. A óò bẹ̀rẹ̀ ìkẹrin láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó máa bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ kan láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìpínlẹ̀ Èkìtì