Ṣé ọmọ apẹja kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ni?

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ìyàwó àti àwọn ọmọ le? Mo rí ìyá yín ní Ọjà Olúwo lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ń ná òbòkún, ara wọn le koko.

Fọ́tò ìdíje ọkọ̀ ojú omi ní Henley, ní England, tí o fi ránṣẹ́ ló fà á tí mo fi wá ìtàn ibẹ̀ kà. O ní ó jọ ọ̀sà wa. Kúnlé, ní 1879, àwọn tó ń ṣètò ìdíje yẹn ṣòfin pé ẹni tó bá ti gbowó iṣẹ́ nídìí ọkọ̀ rí kò gbọdọ̀ bá wọn díje. Wọ́n tún lé mẹkáníìkì, oníṣẹ́ ọwọ́ àti alágbàṣe. Kì í ṣe torí pé wọ́n gbowó eré o, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó kù ni wọ́n ń pè ní amateur, ìyẹn ẹni tí ìfẹ́ eré nìkan gbé dé orí omi. Bàbá mi, tí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti yi bí awọ nítorí àjẹ̀, ì bá má dé etí omi náà.

Ní 1920, wọ́n kọ John B. Kelly, ará Amẹ́ríkà. Àríyànjiyàn kan wà láàárín wọn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ rí. Bíríkìlà ni. Kí ọdún náà tó parí, ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Antwerp, ó sì fi ẹ̀yìn ẹni tó gba ife Henley lọ́dún náà gan-an janlẹ̀. Ó di 1937 kí wọ́n tó yọ òfin tó lé oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn kúrò. Ọmọ Kelly gba ife náà ní 1947. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ibẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbí, láìsí òfin kankan. Ọmọ àdúgbò wa kan mọ ọkọ̀ wà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Aago méje àárọ̀ ni kóòṣì wọn ń kó wọn jọ, àsìkò yẹn gan-an lòun ń ti ojú omi bọ̀. Bí kò bá tètè tà, ẹja á bàjẹ́. Ó sáré débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lápá, kóòṣì ní kò fẹ́ràn eré tó. Ọmọ náà kàn ń wo ilẹ̀.

Ta ló lè ṣeré fún ìfẹ́ nìkan, bí kì í bá ṣe ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti wà nílẹ̀? Owó iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ pàdánù nítorí eré náà ni àwọn ẹgbẹ́ rọ́gbì àríwá England béèrè. Àjọ tó ń darí eré náà ò gbà fún wọn, àwọn ẹgbẹ́ náà sì ya lọ ní 1895.

Mo ti bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Èmi á máa san owó ẹja àárọ̀ Ọjọ́rú fún un. Ṣé wàá lè gba ti Sátidé? Jẹ́ kí n gbọ́ kí oṣù tó parí.

Èmi ni,
Táíwò