Ọṣẹ ni mo wí, n kò pe ọdẹ: lẹ́tà sí èmi ọdún 2020

Ìwọ tí o jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí ò ń pòṣé,

Mo mọ ọjọ́ tí o wà. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àrùn kòrónà ti di àjàkálẹ̀ tó kárí ayé, Bàbá wọn sì ti yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè débi pé gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. O ní kí wọ́n dín in kù. Wọn ò dáhùn. O tún un wí, wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo mọ ohun tí ò ń sọ nínú: àìkanisí wọn yìí náà ni.

Ẹni ọdún 67 ni ọ́, àwọn ti pé 72, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bẹ lára wọn. Bí ìròyìn bá ti ń wí pé àgbàlagbà àti ẹni tó ní àìsàn lára tẹ́lẹ̀ ni kòrónà ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù, ẹ̀yin méjèèjì á wo ara yín, ẹnikẹ́ni ò ní sọ nǹkan kan.

Kónílé-ó-gbélé ń bọ̀. Ọdún 43 lẹ ti fẹ́ra, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì jókòó ti ara yín láti òwúrọ̀ di alẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan rí. Iṣẹ́ gba tiwọn, iṣẹ́ gba tìrẹ, ọmọ gba èyí tó kù. Láràárọ̀, wàá máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wàá máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Wọ́n á máa rìn yí ilé po nígbà ogún, wọ́n á sì máa to òkúta wẹ́wẹ́ sójú fèrèsé kí iye rẹ̀ má baà dà rú. Àwọn ọmọ á máa pè lórí fídíò, iwájú orí bàbá wọn àti àjà ilé nìkan ni wọ́n á máa rí. Ẹrù tó bá sì dé ẹnu ọ̀nà, wàá fọ̀ ọ́: ike, agolo, páálí. Wàá fọ ìwé ìròyìn kan títí á fi yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. (Ẹ ó padà gbọ́ pé inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló ti ń ràn jù, kì í ṣe ara páálí. Mi ò bá ọ wí. Ẹ̀rù ń bà wá.)

Ọwọ́ fífọ̀ ló dá ìjà ọdẹ sílẹ̀. Wọ́n ní ká máa fi 20 ìṣẹ́jú àáyá fọ̀ ọ́, nítorí ọṣẹ ń tú ọ̀rá tó bo kòkòrò náà lára. Mo dúró nídìí omi, mo kígbe: "Bàbá wọn, ọṣẹ dà?"

"Ọdẹ wo?"

"Ọṣẹ!"

"Ta ló pe ọdẹ?"

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi yàn wọ́n lódì.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ mú wọn. Ọ̀fìnkìn lásán ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà yẹn? Wọ́n ní àrùn náà lè sápamọ́ sára fún ọjọ́ 14 kó tó hàn, ni Bàbá wọn bá wọ yàrá inú, èmi dúró sí pálọ̀. Mo máa ń gbé àwo oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, màá wọ ìbòmú, màá béèrè pé ṣé ara ń gbóná. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹun." Ṣé ẹ ti lo oògùn? "Àwọn ọmọ ò tíì pè." Lọ́jọ́ kẹta, inú bí mi. Mo sún sẹ́yìn dáadáa, mo fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n, mo tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ohùn mi ò lọ sókè. Wọ́n dáhùn bó ṣe yẹ. Mo gbé ìbòmú sókè, wọ́n sọnù. Mo fà á wálẹ̀, wọ́n padà dé.

Ètè mi ni wọ́n ti ń kà.

Nígbà tí ọjọ́ 14 pé, mo dúró sẹ́yìn wọn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mo pe orúkọ àbísọ wọn, èyí tí n kì í pè. Wọn ò mira. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan tí ibi àyẹ̀wò ṣí, oníṣègùn etí sọ fún wa pé ohùn tó bá tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń sá mọ́ arúgbó létí: ṣ, s, f àti irú wọn. Ìbòmú tún wá ń dí ohùn tín-ín-rín yẹn gan-an. Mo rò ó títí. Ọṣẹ, ọdẹ: re re ni méjèèjì. Wọ́n gbọ́ orin rẹ̀, ìyókù ni wọ́n ń méfò.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé sí ọ. O rántí ọjọ́ tí ìyá wa kú lọ́dún 2011. O gbé fóònù sílẹ̀, o dojú kọ ògiri, o ní, "Ìyá mi ti lọ." Ohun tí o gbọ́ lẹ́yìn rẹ ni ìró ìwé ìròyìn tí wọ́n ṣí sí ojú ewé kejì. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí o ti ń gbé ìró yẹn káyà. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kónílé-ó-gbélé. Inú ìwé ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo kọ ọ́ sí, kó má baà sí àṣìgbọ́. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹnu àkọ́bí wa ni mo ti gbọ́, lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé o ò fẹ́ sọ fún mi ni."

Àwọn náà ti gbé tiwọn fún ọdún mẹ́sàn-án.

Wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ báyìí. Ní gbogbo àsìkò tí ìbòmú fi wà, bí wọ́n bá ti fẹ́ bọ́ ọ, okùn rẹ̀ á fa ẹ̀rọ náà já bọ́, a ó máa wá a nílẹ̀, arúgbó méjì lórí eékún.

Ṣùgbọ́n ìwọ ṣì wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ìbòmú kò tíì wọ ilé yẹn, ètè rẹ ṣì hàn. Dìde. Lọ dúró sáàárín wọn àti tẹlifíṣọ̀n, kí o wá tún un sọ.